Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa àwọn ará Gírígáṣì

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nawọ́ sókè ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí mo ń kọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Diutarónómì 7 tán ni, níbi tí Mósè ti ka orílẹ̀-èdè méje sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí ni àwọn ará Gírígáṣì ṣe?" Mo lanu, n kò rí nǹkan kan sọ. Mo ní kó jókòó, pé a óò mẹ́nu bà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù, oṣù di oṣù, torí bí mo ṣe ń wá ìdáhùn ìbéèrè kan ni mẹ́ta mìíràn ń yọjú. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí látìgbà yẹn ni mo kó jọ síbí.

Ta ni àwọn ará Gírígáṣì, ní kúkúrú?

Ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ Kénáánì ni wọ́n, ilẹ̀ etí òkun tí Ísírẹ́lì, Palẹsítínì àti Lẹ́bánónì wà lónìí. Jẹ́nẹ́sísì 10 to ìdílé Kénáánì, ọmọ Hámù, ọmọ-ọmọ Nóà, lẹ́sẹẹsẹ. Sídónì ni àkọ́bí, Hétì tẹ̀ lé e, ni ìwé náà bá yí ohùn padà: kò dárúkọ ọmọ mọ́, ẹ̀yà ló ń kà lọ. Ará Jébúsì, ará Ámórì, ará Gírígáṣì, ará Hífì, títí ó fi pé mọ́kànlá. Ipò karùn-ún ni tiwọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gírígáṣì, pé báyìí ni ó ṣe fẹ́yàwó, báyìí ni ó ṣe bímọ, ẹ ní kó ṣí ibi tó ti kà á fún yín.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni orúkọ wọn wà nínú Májẹ̀mú Láéláé?

Ẹ̀ẹ̀méje péré, bí a bá tẹ̀ lé ìwé ti èdè Hébérù: Jẹ́nẹ́sísì 10:16 àti 15:21, Diutarónómì 7:1, Jóṣúà 3:10 àti 24:11, 1 Kíróníkà 1:14, àti Nehemáyà 9:8. Ti Kíróníkà yẹn kàn jẹ́ àdàkọ Jẹ́nẹ́sísì 10 ni.

Ní ẹ̀ẹ̀méjèèje, àárín èrò ni wọ́n wà. Kò sí ibi tí wọ́n ti dá dúró, kò sí ibi tí ẹnì kan nínú wọn ti la ẹnu sọ̀rọ̀, kò sí ọba wọn kan tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n dà bí orúkọ tí alága ìnáwó kà kọjá nínú máíìkì: ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò rójú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Josephus, òpìtàn Júù ti ọ̀rúndún kìíní, ti kíyè sí èyí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tó ń to àwọn ọmọ Kénáánì, ó dárúkọ méje nínú wọn, ará Gírígáṣì pẹ̀lú, ó sì sọ pé orúkọ wọn nìkan ló kù nínú ìwé mímọ́, torí àwọn Hébérù ti wó ìlú wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi wà nínú àkójọ kan tí wọn kò sí nínú òmíràn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 3:8, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá Mósè sọ̀rọ̀ láti inú igbó tó ń jó. Ó ní òun máa mú àwọn ènìyàn òun lọ sí ilẹ̀ ará Kénáánì, ará Hétì, ará Ámórì, ará Pérísì, ará Hífì àti ará Jébúsì. Ẹ kà wọ́n: mẹ́fà. Ẹ lọ sí 23:23, 33:2 àti 34:11 nínú ìwé kan náà, mẹ́fà yẹn náà ni, ètò wọn nìkan ló ń yí padà. Ní 13:5, márùn-ún ni. Diutarónómì 20:17, mẹ́fà. Ṣùgbọ́n Diutarónómì kan náà, ní orí 7, ka méje, Mósè sì là á mọ́lẹ̀ pé "orílẹ̀-èdè méje". Ẹ fi àkójọ méjèèjì síra, ẹni tó wọlé láti sọ mẹ́fà di méje ni ará Gírígáṣì.

Àwọn baba wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níbí, èje gan-an ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Ní èdè Hébérù ìgbà náà, èje kì í ṣe nọ́ńbà lásán, nọ́ńbà ohun tó pé pérépéré ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé gbogbo ilẹ̀ náà pátá ni òun ń sọ, kò sí ẹ̀yà kan tí òun yọ sílẹ̀, yóò wá kí ó pé méje. Èrò tèmi ni pé àwọn ẹ̀yà ńlá bíi ará Kénáánì, ará Ámórì àti ará Hétì kò ṣeé yọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kékeré bíi Gírígáṣì ń wọlé, ó ń jáde, bí ohùn ẹni tó ń ka àkójọ náà bá ṣe fẹ́. Pọ́ọ̀lù ṣì ń lo méje yẹn ní Áńtíókù ti Písídíà, ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:19. Kò dárúkọ ìkankan, iye wọn nìkan ló sọ.

Ẹ má rò pé ojú àwa ẹni òde òní nìkan ló rí i. Àwọn Júù tó túmọ̀ ìwé Mósè sí Gíríìkì ní Alẹksáńdríà, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, rí ibi tó ṣófo náà. Nínú ìtumọ̀ tiwọn, ará Gírígáṣì ti wà ní Ẹ́kísódù 3:8, ó ti wà ní Diutarónómì 20:17. Wọ́n bá a wá àga síbi tí kò sí. Ìwé Mósè ti àwọn ará Samáríà náà ṣe irú ẹ̀.

Jẹ́nẹ́sísì 15 tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú pátápátá. Níbẹ̀, ẹ̀yà mẹ́wàá ni Ọlọ́run kà fún Ábúrámù. Ará Kénì, ará Kénísì, ará Kádmónì àti àwọn Réfáímù wọlé, ará Gírígáṣì sì wà ní ipò kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ará Hífì, tí kì í sábà sọnù, kò sí níbẹ̀.

Ṣé wọn kò ti kó lọ kí Ísírẹ́lì tó dé ni?

Àlàyé tí Rashi ṣe nìyẹn. Ọmọ Júù ilẹ̀ Faransé ni, ó gbé ayé láti 1040 sí 1105, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹsẹ̀ kan nínú ìwé Mósè tí kò ṣàlàyé. Nígbà tó dé Ẹ́kísódù 34:11, ó ní mẹ́fà ló wà níbí torí ará Gírígáṣì ti dìde, ó ti yàgò fún wọn. Àlàyé náà gún régé létí. Àmọ́ Jóṣúà 24:11 kò jẹ́ kó rọrùn, torí níbẹ̀, Jóṣúà fúnra rẹ̀ dúró ní Ṣékémù, ó ń rán àwọn ènìyàn létí àwọn tó bá wọn jagun lẹ́yìn tí wọ́n sọdá Jọ́dánì, ó sì dárúkọ ará Gírígáṣì mọ́ wọn. Ẹni tó ti kó lọ kì í jagun.

Ṣé kò wá sí ìtàn kankan nípa wọn?

Kò sí, ìyẹn gan-an ló sì mú kí wọ́n yàtọ̀. Ẹ wo àwọn aládùúgbò wọn. Éfúrónì ará Hétì ta ihò Mákípélà fún Ábúráhámù ní 400 ṣékélì fàdákà, pẹ̀lú gbogbo àpọ́nlé ẹnu tí ọlọ́jà máa ń lò: "kí ni ìyẹn já mọ́ láàárín èmi àti ìwọ?" Áráúnà ará Jébúsì ta ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ àti màlúù fún Dáfídì ní 50 ṣékélì. Ògù, ọba Ámórì, a mọ bí ibùsùn irin rẹ̀ ṣe gùn tó, ìgbọ̀nwọ́ mẹ́sàn-án ní òró, mẹ́rin ní ìbú. Àwọn ará Hífì tó wà ní Gíbíónì, a tiẹ̀ mọ irú búrẹ́dì tó wà nínú àpò wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tan Jóṣúà jẹ: ó ti gbẹ, ó ti bu. Bàtà wọn ní ìlẹ̀pa, ìgò awọ wọn ti ya.

Ti ará Gírígáṣì, kò sí búrẹ́dì, kò sí bàtà, kò sí ibùsùn. Kódà, nínú ìwé Júdítì, tí àwọn Kátólíìkì ń kà mọ́ Bíbélì wọn, níbi tí Ákíórì ará Ámónì ti ń sọ ìtàn Ísírẹ́lì fún Hólófénésì, ọ̀gágun Ásíríà, "gbogbo àwọn ará Gírígáṣì" wà lára àwọn tí wọ́n lé jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo, ó tán.

Apá ibo ni ilẹ̀ náà ni wọ́n gbé?

Jóṣúà 24:11 fi wọ́n sí ìhà ìwọ̀ oòrùn Jọ́dánì, torí lẹ́yìn ìsọdá ni wọ́n ti bá Ísírẹ́lì pàdé. Ẹsẹ̀ yẹn tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Jẹ́ríkò, èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé ìtòsí Jẹ́ríkò ni ilé wọn. N kò gbà, torí gbogbo ẹ̀yà méjèèje ló wà nínú ẹsẹ̀ kan náà, wọn ò sì lè jọ máa gbé Jẹ́ríkò.

Ohun tó yẹ ká wò ni Númérì 13:29. Àwọn amí dé, wọ́n ń ṣàlàyé bí ilẹ̀ náà ṣe rí: ará Ámálékì ní gúúsù, ará Hétì, ará Jébúsì àti ará Ámórì lórí òkè, ará Kénáánì létí òkun àti lẹ́bàá Jọ́dánì. 40 ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ín já. Wọn kò mú ìròyìn ará Gírígáṣì kankan bọ̀.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ya lu omi, ṣé ìlú wọn ni?

Àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí ti ka Mátíù 8:28 dáadáa. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ilẹ̀ àwọn ará Gergesene ni Jésù gúnlẹ̀ sí, tí àwọn ẹ̀mí àìmọ́ ti wọnú ẹlẹ́dẹ̀. Gergesene, Gírígáṣì: etí máa ń so wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú Gíríìkì, ìrísí ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ra gan-an.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò fẹnu kò. Àwọn kan kọ Gádárà, àwọn kan Gérásà, àwọn kan Gérgésà. Gérásà, tó ń jẹ́ Jerash ní Jọ́dánì lónìí, lé ní 50 kìlómítà sí adágún Gálílì. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sáré láti ibẹ̀ yóò ti sinmi lọ́nà lẹ́ẹ̀melòó kan. Gádárà sún mọ́ ọn díẹ̀, síbẹ̀ kò sí létí omi. Origen, onímọ̀ Ìwé Mímọ́ ti ọ̀rúndún kẹta, ló rí ìṣòro yìí, ó sì jà fún Gérgésà, ó ní ìlú àtijọ́ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ létí adágún náà, pé wọ́n ṣì ń fi bèbè ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti já sómi han ènìyàn.

Ní 1970, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ní Kursi, ní etí ìlà oòrùn adágún náà, wọ́n hú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àdáwà kan jáde, ti ọ̀rúndún karùn-ún, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ògiri tó yí i ká. Èyí fi hàn pé àwọn Kristẹni ìgbà náà gbà pé ibẹ̀ ni. Àmọ́ ó lé ní 1,000 ọdún tó wà láàárín Jóṣúà àti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Orúkọ lè jọra láìjẹ́ pé ìyá kan ló bí wọn.

Wọ́n ní Afíríkà ni wọ́n sá wá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìtàn náà wà lóòótọ́, ó sì ti pẹ́. Inú Talmud ti Jerúsálẹ́mù ló wà, ìwé ńlá tí àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, kó ẹ̀kọ́ wọn jọ sí, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Shevi'it. Ó ní kí Jóṣúà tó wọ ilẹ̀ Kénáánì, ó fi ìkéde mẹ́ta ránṣẹ́ ṣáájú: ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó kúrò, ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà, kó wá ṣe àlàáfíà, ẹni tó bá fẹ́ ogun, kó wá jà. Àwọn ará Gíbíónì ṣe àlàáfíà. Ọba 31 jagun, wọ́n sì ṣubú. Ará Gírígáṣì gba Ọlọ́run gbọ́, ó dì gbogbo ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí Afíríkà, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ tó dára bíi tirẹ̀. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Ti Gírígáṣì yìí mọ ìsá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ náà, Afíríkà. Lẹ́nu àwọn rábì ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Accra. Ìpínlẹ̀ kan ni lábẹ́ ìjọba Róòmù, tó bọ́ sí ibi tí Tùnísíà wà lónìí àti àgbègbè rẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Carthage, ìlú tí àwọn ará Tírè láti Lẹ́bánónì tẹ̀ dó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi ìtẹ̀dó rẹ̀ sí 814 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Róòmù sì dáná sun ún ní 146. Ìran Kénáánì ni àwọn ará Tírè, èdè tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí Hébérù. Nítorí náà, bí rábì kan bá ń wá ibi tí àwọn Kénáánì tó sá lọ fìdí kalẹ̀ sí, ìdáhùn ti wà níwájú rẹ̀: ó mọ àwọn tó ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ lódìkejì òkun.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fúnra wọn kò gbàgbé. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ìlú tó ń jẹ́ Annaba ní Àlùjíríà nísinsìnyí, kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá bi àwọn àgbẹ̀ àdúgbò òun pé kí ni wọ́n, wọ́n á dáhùn ní èdè wọn pé "Chanani", ará Kénáánì. Ó kú ní 430. Ẹ ro iye ọdún tí Carthage ti fi ṣubú, tí àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko ṣì ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òpó òkúta tó ń pe Jóṣúà ní olè ńkọ́?

Procopius ló sọ ìyẹn, òpìtàn tó bá Belisarius, ọ̀gágun Róòmù, lọ sí Afíríkà ní 533 láti bá àwọn Vandal jà, ẹ̀yà tó ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Róòmù. Ó ní nígbà tí Jóṣúà dé, ará Gírígáṣì, ará Jébúsì àti àwọn mìíràn sá lọ sí Íjíbítì. Ibẹ̀ ti kún, wọ́n bá tẹ̀ síwájú títí wọ́n fi gba gbogbo Líbíà, orúkọ tí wọ́n ń pe Àríwá Afíríkà nígbà náà. Ó ní ní Tigisis, ní ilẹ̀ Númídíà, ní Àlùjíríà òde òní, nítòsí ìsun omi ńlá kan, òpó òkúta funfun méjì wà tí wọ́n fi lẹ́tà Foníṣíà, lẹ́tà irú àwọn ará Tírè, gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí: "Àwa ni a sá kúrò níwájú Jóṣúà olè, ọmọ Núnì."

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí. Bí a bá ń ka ìwé Jóṣúà, ẹnu ẹni tó ṣẹ́gun nìkan la ń gbọ́. Níbí, ẹni tí wọ́n lé jáde ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó tún rí àwọn òpó náà lẹ́yìn Procopius, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà pé wọ́n pẹ́ tó bó ṣe ní wọ́n pẹ́.

Mo gbọ́ pé wọ́n pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ náà. Níbo ni ìyẹn wà?

Talmud ti Bábílónì, ìwé Sanhedrin, ojú ewé 91. Ìtàn àlọ́ àwọn rábì ni, kì í ṣe àkọsílẹ̀ kóòtù, ẹ gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ Afíríkà wá síwájú Ọba Alẹksáńdà ti Makedóníà. Wọ́n ní ilẹ̀ Kénáánì, tiwọn ni, torí Mósè pàápàá pè é bẹ́ẹ̀, àwọn sì ni ọmọ Kénáánì. Ẹ̀rù ba àwọn àgbà Júù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gebiha ọmọ Pesisa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Ó ní bí wọ́n bá borí òun, kí ẹ sọ fún wọn pé mẹ̀kúnnù kan ni wọ́n borí. Bí òun bá borí wọn, kí ẹ sọ pé òfin Mósè ló borí wọn. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ nìyẹn, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ti tọ́jú ọ̀nà àbáyọ.

Ó bi àwọn olùpẹ̀jọ́: níbo ni ẹ ti rí ẹ̀rí yín? Wọ́n ní nínú Tórà, ìwé òfin Mósè. Ó ní òun náà á mú tòun nínú Tórà: ṣebí Nóà sọ pé ẹrú àwọn ẹrú ni Kénáánì yóò jẹ́ fún àwọn arákùnrin rẹ̀? Ẹrú àti ohun tí ẹrú ní, ta ló ni méjèèjì? Àti pé, ọdún mélòó ni ẹ ti jẹ wá ní iṣẹ́ ẹrú? Ọba ní kí wọ́n fèsì. Wọ́n tọrọ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n wá èsì títí, wọn ò rí i, ni wọ́n bá sá lọ, wọ́n fi oko tí wọ́n ti gbìn àti àjàrà sílẹ̀. Talmud fi kún un pé ọdún ìsinmi ilẹ̀ ni ọdún náà, tí àwọn Júù kì í gbin nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dé ikùn. Ẹsẹ̀ kan náà yẹn ni àwọn aláwọ̀ funfun fi gbe òwò ẹrú lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yí i kúrò lórí Kénáánì, wọ́n gbé e lé gbogbo ọmọ Hámù lórí, ìyẹn àwa. Kénáánì nìkan ni ẹsẹ̀ náà dárúkọ.

Ṣé Yorùbá ló wá di ará Gírígáṣì, àbí Gírígáṣì ló wá di Yorùbá?

Mo ti gbọ́ ọ lórí WhatsApp, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé wọn máa ń lọ báyìí: Gírígáṣì sá wá sí Afíríkà, Afíríkà ni wá, a sì ní láti ìlà oòrùn ni a ti wá. Ó parí.

Ibi tí Talmud ń sọ àti Ifẹ̀, ó lé ní 3,000 kìlómítà, aṣálẹ̀ Sàhárà sì wà láàárín. Ti ìtàn Lámúrúdu ńkọ́? Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tó jáde ní 1921, Lámúrúdu ni bàbá Odùduwà, àwọn kan sì ka Lámúrúdu sí Nímírọ́dù. Kódà bí a bá gba ìyẹn, Jẹ́nẹ́sísì 10:8 ní ọmọ Kúṣì ni Nímírọ́dù. Kúṣì àti Kénáánì, bàbá kan ló bí wọn, agboolé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́.

Èdè wa náà ń jẹ́rìí. Tí a bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ọmọ Ígálà máa gbọ́ ẹ̀ta wa, torí ẹ̀ta náà ni tirẹ̀. Lédè Hébérù, shalosh ni. Ìbátan ẹni kì í sábà jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn rí nǹkan kan tó jẹ mọ́ wọn?

Wọ́n rí orúkọ. Ní 1928, àgbẹ̀ kan tó ń túlẹ̀ nítòsí Ras Shamra, létí òkun Síríà, kan òkúta ibojì kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlú Ugarit ṣe jáde, ìlú tó jóná ní nǹkan bí ọdún 1185 ṣáájú ìbí Kristi. Lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n kó jáde, orúkọ ènìyàn wà tí wọ́n kọ ní kọ́ńsónáǹtì nìkan, bí àṣà wọn: grgš, àti bn grgš. Bn ni ọmọ. Ọmọ Gírígáṣì kan wà ní Ugarit nígbà náà, ó hàn nínú ìwé bí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bí ẹ̀yà. Irú orúkọ yìí tún hàn ní Carthage láàárín àwọn tó ń sọ èdè Púníìkì, èdè tí àwọn ará Tírè gbé dé ibẹ̀. Fún mi, èyí wúwo ju òpó Procopius lọ: ó fi hàn pé orúkọ tòótọ́ ni, tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń jẹ́, kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kan hun jáde kí méje lè pé.

Àwọn kan tún tọ́ka sí ilẹ̀ Karkisha, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ìjọba Hétì ti ilẹ̀ Tọ́kì lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá Ramesses Kejì, Fáráò Íjíbítì, jà ní Kádéṣì, ní nǹkan bí 1274 ṣáájú ìbí Kristi. Ìwọ̀ oòrùn Tọ́kì ni ibẹ̀ wà, ó jìnnà. Ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ wa láti Kénáánì ìgbà náà ni àwọn lẹ́tà Amarna, tí wọ́n rí ní Íjíbítì ní 1887, níbi tí àwọn olórí ìlú Kénáánì ti ń ráhùn fún Fáráò, tí wọ́n ń fi ara wọn sùn. Jerúsálẹ́mù wà níbẹ̀, Ṣékémù wà níbẹ̀. Ará Gírígáṣì kò sí.

Pásítọ̀ wa ní "ẹ̀mí Gírígáṣì" wà, pé amọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á ní orílẹ̀-èdè méje jẹ́ ẹ̀mí méje, pé ti Gírígáṣì ni ẹ̀mí ohun ayé, torí orúkọ wọn túmọ̀ sí àwọn tó ń gbé inú amọ̀. Orísun ìtumọ̀ yìí ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ tó fi orúkọ náà wé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tó jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú. Ìwé atúmọ̀ orúkọ mìíràn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ó túmọ̀ sí ẹni tó ti ìrìn àjò mímọ́ dé. Ẹ fojú inú wo ìwàásù tí èèyàn máa gbé lórí ìyẹn! Kí a gbàdúrà lòdì sí ìfẹ́ ohun ayé, ó dára. Kí a dá a lé orí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, mi ò rò pé ó lè dúró.

Ṣé ìran wọn ṣì wà láyé?

Lẹ́yìn Jóṣúà, wọn kò tún hàn mọ́ láàárín àwọn alààyè inú Bíbélì. Onídàájọ́ 3:5 ka àwọn tí Ísírẹ́lì ń bá gbé, wọn kò sí níbẹ̀. 1 Àwọn Ọba 9:20 ka àwọn tí Sólómọ́nì fi ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, ará Ámórì, Hétì, Pérísì, Hífì àti Jébúsì. Wọn kò sí níbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìran Kénáánì lápapọ̀ kò parun. Ní 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àyẹ̀wò DNA jáde tí wọ́n ṣe lórí egungun àwọn márùn-ún tí wọ́n sin ní Sídónì ní nǹkan bí 3,700 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fi wé ti àwọn ará Lẹ́bánónì òde òní, ó sì hàn pé ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí àwọn ará Lẹ́bánónì jogún ti ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tó ń ta aṣọ tàbí tó ń ta ọkọ̀ ní Beirut lónìí lè ní díẹ̀ lára Gírígáṣì nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní mọ̀, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ará Hífì.

Báwo ni mo ṣe máa pè é, bí wọ́n bá ní kí n ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tó jáde lódidi ní 1884, kọ ọ́ ní Girgaṣi. Ẹ óò rí Gẹ́gáṣì nínú òmíràn. Ẹ pè é Gí-rí-gá-ṣì, ẹ má sáré, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ á bá yín rín in, ará Pérísì tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá di wàhálà.

Níbo ni a ti gbọ́ orúkọ wọn kẹ́yìn?

Nehemáyà 9. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù ni. Àwọn tó ti ìgbèkùn dé péjọ, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, erùpẹ̀ wà lórí wọn. Wọ́n fi ìdá mẹ́rin ọjọ́ ka ìwé òfin, wọ́n fi ìdá mẹ́rin mìíràn jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ Léfì gun àtẹ̀gùn, wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n ń rán Ọlọ́run létí májẹ̀mú tó bá Ábúráhámù dá: ilẹ̀ ará Kénáánì, ará Hétì, ará Ámórì, ará Pérísì, ará Jébúsì, àti ará Gírígáṣì. Wọ́n fi wọ́n kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti wà ní Íjíbítì, létí Òkun Pupa.